Kọ́kọ́rọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Igi

Láti ogójì ọdún ó lé tí mo ti kúrò nílé, kò sí ilé tí mo háyà tí n kò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó wo iwájú. Ẹni tó ń fi yàrá hàn mí á ṣì máa ròyìn fèrèsé àti omi ẹ̀rọ, èmi á ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo máa fọwọ́ tì í síta láti inú. Bí kò bá ṣí, mo máa béèrè pé, "Ta ni kọ́kọ́rọ́ èyí wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Àwọn mìíràn á wò mí tìyanu-tìyanu bí ẹni pé bàbá yìí ti fẹ́ máa ṣarán. N kì í bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣojú wọn.

Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ó sì ti lọ sinmi tipẹ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Bó o bá ń sọ ọ́, má fo ibi tó o ti ṣe òmùgọ̀ o." N kò ní fò ó.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta ni ilé tí èmi àti ìyá mi ń gbé nígbà náà, ìdílé mẹ́sàn-án la sì jọ wà níbẹ̀. Àwa la wà lókè pátápátá, nítorí náà "Màmá Òkè" ni gbogbo ilé ń pe ìyá mi. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti le, kì í fẹ́ ká. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ ra ògiri, á máa ka àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń kà.

"Ìrìn àjò mi ni mò ń kà," ló wí. "Méjìdínláàádọ́ta ni láti ẹnu ọ̀nà wa dé ilẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Ẹni tí orúnkún ń dùn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìyà rẹ̀ máa parí sí."

Èmi ní tèmi, ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà onírin ni mò ń tò láti àárọ̀ dalẹ́, títí ìka mi á fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Akọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé oníwèé ni mò ń tò, n kò tíì kọ ẹyọ kan.

Àtẹ̀gùn méjì ni ilé náà ní. Ti iwájú fẹ̀, ó sì bọ́ sí títì. Ti ẹ̀yìn tóóró, ó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ó bọ́ sí àgbàlá níbi tí ẹ̀rọ omi wà. Ilẹ̀kùn pákó kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ní ìdábùú irin lápá inú. Ẹni tó wà nínú lè ṣí i. Ẹni tó wà níta kò lè ṣí i. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan nínú wa, àfi ọjọ́ tí olè dé.

Ọ̀sán ni olè náà wá o. Ó gba iwájú wọlé bí ẹni wá kí ará, ó gun òkè, ó kó ohun tó wù ú, ó wá gba ẹ̀yìn sọ̀. Ìyá mi jókòó lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, ó ń sinmi orúnkún. Ó rí ọkùnrin kan tó ru ẹrù tó fi aṣọ bò, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá mi wí.

"A dúpẹ́, Màmá," ni olè náà wí.

Àánú rẹ̀ ṣe ìyá mi, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti há. Ó dìde, ó fa ìdábùú, ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó tún ní kó rọra, kó má fẹsẹ̀ kọ. Ìgbà tó gun òkè padà tán ló rí i pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò sí lórí tábìlì mọ́.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún un," ló ń wí, tó ń patẹ́wọ́. "Mo tún kí i! Mo tún ní kó rọra!"

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ yẹn ló fi rán mi lọ sílé ìwé. Inú bí mi, ìbínú náà ló sì mú mi dìde sọ̀rọ̀ nígbà tí àwa ọkùnrin ilé pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú láti dá ọgbọ́n sí i. A fẹnu kò pé ká ṣe géètì onírin sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn dípò ilẹ̀kùn pákó náà. Ìyẹn kò la àríyànjiyàn lọ. Ohun tó dìjà ni bí yóò ṣe máa ṣí.

Wẹ́dà kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí títì. Bàbá Onírin là ń pè é. Òun ló máa ṣe géètì. Ó jókòó sórí páànù ọ̀dà kan, ó ń gbọ́ wa, nígbà tó yá ó ní, "Mo máa ṣe é kí ó lè ṣí láti inú láìsí kọ́kọ́rọ́."

Èmi ni mo dá a lóhùn. "Bàbá, ẹ má bínú. Olè tó jà wá, inú ló ti ṣí i jáde. Bí yóò bá tún máa ṣí láti inú, ẹ jẹ́ ká kúkú gbé àga síbẹ̀ fún un, kó máa rí ibi sinmi ẹrù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín máa ń pa èèyàn bí ọtí.

"Bí iná bá wá ṣẹ́ yọ ńkọ́?" ni Bàbá Onírin wí.

"Iná wo, Bàbá? Láti ọjọ́ tí a ti ń gbé ibí, iná kan kò jó wa. Olè ló jà wá."

"Iná kì í kọ lẹ́tà síwájú, Akọ̀wé."

"Olè pẹ̀lú kì í kọ ọ́," ni mo fèsì, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín.

Bàbá Onírin wò mí, ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kà wá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Ilé yín ni." Ó dìde, ó gbé páànù rẹ̀. Mo rò pé mo ti borí.

Báyìí ni a ṣe parí rẹ̀ sí ṣéènì àti àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. A ní bí kọ́kọ́rọ́ bá pọ̀, ọ̀kan á bọ́ sọ́wọ́ olè. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á máa mú un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ bá kàn á ṣí i láàárọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n lè pọnmi, á tì í ní aago mẹ́jọ, á wá fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó máa wà nílé. Òfin tó dára ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé kó kó o sápò lọ síbi iṣẹ́, aránbàtà tó ń gbé lájà kejì mú ọ̀kan wá nínú àwọn ẹsẹ̀ onígi tó fi ń mọ bàtà, ẹsẹ̀ ọ̀tún, tóbi bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ta ló máa kó ìyẹn sápò? Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo lórí àtẹ̀gùn pé, "Ẹsẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ wà lọ́dọ̀ ta?", àlejò nìkan ló máa yà lẹ́nu.

Oṣù márùn-ún kọjá, olè kò padà wá. Mo ń fọwọ́ sọ̀yà.

Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ kàn wá, ọ̀rọ̀ di ti nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin kan ni, ojúlé tó kọjú sí tiwa ló ń gbé. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe nílé ìwòsàn, ọ̀sán ló fi ń sùn. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ pípẹ́, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, èmi ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ onígi lábíyá. Ó dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Akọ̀wé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta," ló wí, "ẹ kú ìrìn o. Ó kù ẹyọ kan kẹ́ ẹ di àga."

Ojú tì mí bí ẹni tí ṣòkòtò já nídìí ní títì. Mo wọlé, mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ẹsẹ̀ onígi náà, mo so òwú aláwọ̀ aró mọ́ ọn kó lè ṣe é mú dání bí ọmọlúàbí. Mo fi ẹsẹ̀ onígi náà kọ́ sára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa, níbi tó ti máa ń wà. N kò sọ fún ìyá mi. Mo ní bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣáà ti wà nílé, kí ni ẹsẹ̀ fẹ́ ṣe?

Ní ọjọ́ kẹta, mo ti géètì ní aago mẹ́jọ, ìyá mi sì ń pè mí láti òkè pé ṣé mo ti tì í. Mo ní, "Mo ti tì í, Màmá! Ẹsẹ̀ wà lára ìṣó!" Òótọ́ ni mo sọ. Ẹsẹ̀ wà lára ìṣó. Ṣòkòtò tuntun tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún mi ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì gba títì lọ síbi iṣẹ́.

Ó tó aago mẹ́wàá ààbọ̀ kí n tó fa aṣọ ìnujú yọ lápò láti nu ọwọ́. Nǹkan kan bá a jáde, ó já sórí pátákó tí mo ń to lẹ́tà sí, *kàn*. Òwú aláwọ̀ aró.

Ọ̀gá mi gbójú sókè. "Kí nìyẹn? Kọ́kọ́rọ́ ọ̀run?"

"Kọ́kọ́rọ́ ilé wa ni, ọ̀gá. Mo kó o wá."

"Ṣé o ti olólùfẹ́ mọ́lé ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní màá sáré mú un lọ ní ìsinmi ọ̀sán. Mo ní ilé kò kúkú ní sá lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fi wí pé, "Ẹ wo èéfín o. Ìhà ibo nìyẹn?"

Mo lọ wò ó. Èéfín dúdú ni, ó nà gbọọrọ lẹ́yìn táǹkì omi ńlá àdúgbò wa. Ilé mẹ́ta péré ló wà lẹ́yìn táǹkì yẹn. Méjì nínú wọn jẹ́ ilé ilẹ̀, ẹ̀kẹta ni tiwa.

N kò mọ bí mo ṣe dé títì. Ọwọ́ mi dì mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà débi pé eyín rẹ̀ gé mi. Lọ́kàn mi, mo ń rí ìyá mi níwájú géètì náà, mo ń rí ọwọ́ rẹ̀ lára àwọn irin, mo ń gbọ́ ohùn ara mi tó ń wí pé ẹ jẹ́ ká kúkú gbé àga síbẹ̀. Bàtà mi ọ̀kan bọ́, n kò wẹ̀yìn. Ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn rí mi bí mo ṣe ń sáré pẹ̀lú ọwọ́ dúdú àti ojú pípọ́n, ló bá figbe ta: "Olè! Ẹ mú un!" Èèyàn méjì gbá tẹ̀ lé mi. Èmi tí mo fi ìbẹ̀rù olè ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi, bí olè ni wọ́n ṣe ń lé mi dé ilé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá dúró ṣàlàyé.

Mo dé iwájú ilé. Iná ti mú abẹ́ àtẹ̀gùn iwájú, níbi tí mítà iná wà, tí gbogbo wa sì ń kó àlòkù fóòmù àti páálí jọ sí. Èéfín ń tú jáde lẹ́nu ọ̀nà bí omi ẹ̀gbin. Bàbá Onírin àti àwọn mìíràn ń da iyanrìn, àwọn panápaná kò tíì dé. Kò sí ẹ̀dá tó lè gba ibẹ̀ gòkè, kò sì sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ sọ̀. Bàbá Onírin rí mi, ó la ẹnu láti sọ nǹkan, n kò dúró gbọ́. Mo gba kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, mo ń na kọ́kọ́rọ́ síwájú bí ẹni tó ń fi fìtílà wá ọ̀nà.

Mo dé àgbàlá. Mo dúró.

Géètì kò sí lójú ọ̀nà mọ́. Ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, ṣéènì ṣì wà lára rẹ̀, àgádágodo sì há gbọn-in bí mo ṣe tì í láàárọ̀. Ìyàwó aránbàtà, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, jókòó sílẹ̀, ó ń mu omi. Nọ́ọ̀sì dúró tì í, tòun ti aṣọ àwọ̀sùn, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù. Ìyá mi sì wà lórí korobá tó dojú dé, ẹsẹ̀ onígi lórí itan rẹ̀, èéfín ti kùn ún lójú títí dé àárín irun.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"O dé. O mú kọ́kọ́rọ́ wá?"

Mo na ọwọ́.

"O ṣeun, ọmọ mi. Mú un fún géètì, òun ló wà nílẹ̀ yẹn."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó tún di ẹ̀rín. Mo wó sẹ́sẹ̀ ìyá mi nínú omi àgbàlá, mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó fi mí sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan orí mi.

"Ó tó. N ò kú, o ò kú. Bàtà rẹ kejì dà?"

Àwọn méjì tó ń lé mi ya wọ àgbàlá nígbà náà. Ọ̀kan ní, "Màmá, ẹ mọ olè yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ìyá mi wí. "Èmi ni mo bí i. Kò jí nǹkan, ó kàn gbàgbé ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Onírin gbé géètì náà kọ́, ó dúró dìgbà tí gbogbo àwa tí a pàdé lọ síbi iṣẹ́, ó wá gòkè lọ bá ìyá mi. Ó ní, "Màmá, mo ka àwọn tó pàdé. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wà nílé." Ó mú un sọ̀ kalẹ̀, ó fi hàn án. Kò jó géètì náà mọ́ férémù. Orí irin ṣóńṣó méjì ló gbé e kà, bí ọmọrí tó wà lórí ìkòkò. Lápá ìta, ó fi irin pẹlẹbẹ bo gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè rí i, kò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Lápá inú, èèkàn irin kékeré kan ló dè é mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá yọ èèkàn, tí wọ́n ki igi sábẹ́ géètì, tí èèyàn méjì sì gbé e lọ sókè, á fò kúrò lórí ṣóńṣó, ṣéènì á kàn dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá mi kò sọ fún mi. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì, ó sọ fún ìyàwó aránbàtà. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, bí àwa ti jáde, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gbé géètì náà yọ, wọ́n á gbé e padà, wọ́n á lọ máa ṣiṣẹ́ wọn. Oṣù márùn-ún gbáko! Nọ́ọ̀sì tó ń fi ẹsẹ̀ onígi mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ tí mo ń gbé kiri bí ọ̀pá àṣẹ kò já mọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ iná, ìyá mi ló kọ́kọ́ gbóòórùn èéfín. Ó ké sí nọ́ọ̀sì títí ó fi jí. Ó ní òun kọ́kọ́ lọ sídìí ìṣó, bóyá kọ́kọ́rọ́ á tiẹ̀ yá ju gbígbé lọ. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Kò dúró bú mi. Ó mú ẹsẹ̀ náà dání, wọ́n mú ìyàwó aránbàtà lájà kejì, wọ́n kó sínú àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Èéfín ti kún ibẹ̀, wọn kò rí àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. Ìyá mi wà níwájú, ó fọwọ́ ra ògiri, ó ń kà síta: ogún, ọ̀kànlélógún, "ẹ rọra, ẹ dì mí mú," méjìlélógún. Ìyàwó aránbàtà sọ fún mi pé ẹ̀rù ba òun ju gbogbo rẹ̀ lọ nígbà tí ìyá mi wúkọ́ tí kò ka nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọgbọ̀n," wọ́n sì tẹ̀síwájú. Nígbà tó pe méjìdínláàádọ́ta, ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀.

Wọ́n yọ èèkàn. Igi tí wọ́n máa ń lò kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ti mú un láàárọ̀ láti fi dá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì ní òun rò pé ó parí nìyẹn. Ìyá mi ki ẹsẹ̀ onígi náà sábẹ́ géètì, imú rẹ̀ síwájú, ó fi gbogbo ara tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, géètì gbéra, àwọn méjì yòókù gbé e kúrò.

Kò sẹ́ni tó kú nílé náà. Kò sẹ́ni tó jóná. Àwọn panápaná dé, wọ́n pa á, abẹ́ àtẹ̀gùn iwájú àti fóòmù wa ló lọ sí i. Ọmọ aránbàtà dé láyé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Nígbà tí a tún pàdé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé iná náà, obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ níbẹ̀, àga kan ṣoṣo tó wà, ìyá mi ló jókòó lé e. Aránbàtà ní, "Bàbá Onírin, ṣé ohun tí ẹ̀ ń sọ ni pé láti oṣù márùn-ún, géètì wa kò tì?"

"Ó tì fún olè," ni Bàbá Onírin wí. "Kò tì fún yín."

"Ẹ bá mi bi ọkọ mi," ni ìyàwó aránbàtà wí, ó fọwọ́ lé ikùn, "ṣé ó tún ní ìbéèrè mìíràn?"

Kò ní. Èmi ni mo dìde, mo ní kí Bàbá Onírin ṣe é bó ṣe fẹ́ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Ó ṣe ìdábùú kan tí wọ́n kàn ń fọwọ́ tì láti inú, àpótí irin sì bò ó lápá ìta kí ọwọ́ má lè dé ibẹ̀. Ní ti olè tó lè gba inú jáde, ó so agogo kan mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí géètì yẹn, agogo á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, gbogbo ilé á yọjú lójú fèrèsé. Èmi fúnra mi ni mo sì kó gbogbo páálí tó kù kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ẹsẹ̀ onígi náà wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹnu géètì ti jẹ imú rẹ̀ wọlé díẹ̀, èéfín ọjọ́ náà kò sì kúrò lára rẹ̀. Ìyá mi lo ọdún mẹ́rìndínlógún sí i lẹ́yìn iná yẹn. Lórí ibùsùn rẹ̀ ló ti lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kà mí mọ́ àwọn tó yí i ká.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la kó wá sí ilé tuntun yìí, ìlú àjèjì mìíràn. Kí n tó tú ẹrù kan, nọ́ọ̀sì náà, tí irun rẹ̀ ti funfun báyìí, tí ọmọ wa sì ń pè ní Màmá, ké sí mi láti inú yàrá.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ ti wo ẹ̀yìn?"

"Mo ti wò ó," ni mo wí. "Ó ń ṣí."